Ta Ló Bi Ọmọ Náà Léèrè? Àgbéyẹ̀wò Ọmọ Oníjọ̀gbọ̀n Tó Ń Rí Òkú àti Ẹ̀mí Àìrí Nínú Iṣẹ́ Ọnà Mẹ́ta

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà ni ó ti lo ọmọdé tí ojú rẹ̀ ń rí ohun tí ojú àgbà kò rí. Àwọn lámèyítọ́ a sì máa pọkàn pọ̀ sórí ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rí. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gùn lé yàtọ̀ díẹ̀: ta ni ó bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó rí? A fi ìbéèrè yìí wo Aké (1981) tí Wọlé Ṣóyínká kọ, The Famished Road (1991) tí Ben Okri kọ, àti The Sixth Sense (1999), fíìmù tí M. Night Shyamalan kọ tí ó sì darí. Èrò wa ni pé ohun tí àgbà ń pè ní ìjọ̀gbọ̀n nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò rí olùgbọ́, àti pé ìgbà tí ẹnìkan bá béèrè, tí ó sì tẹ́tí sílẹ̀, ni ìríran ọmọ náà tó lè di ìrànlọ́wọ́ fún òkú àti fún alààyè. A kádìí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùkọ́ nínú kíláàsì.

Ìfáárà

Nínú èrò Yorùbá, ògiri tí ó wà láàárín ayé àti ọ̀run kò nípọn. Bí ọmọ ọwọ́ bá ń rẹ́rìn-ín sí àjà ilé, àwọn àgbà lè sọ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá ṣeré. Bí ajá bá ń gbó lóru tí a kò rí ẹni tí ń bọ̀, wọ́n lè ní ó rí ohun tí ènìyàn kò rí. Ìríran fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì láwùjọ wa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń díjú ni ìgbà tí ọmọ tí ń ríran bá tún jẹ́ ọmọ tí kì í gbọ́ràn, tí ń rìn gbéregbère, tí ń fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ń sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọdé sọ. Nígbà náà, àgbà a máa bá ìwà rẹ̀ jà, kò ní ráyè gbọ́ ohun tí ó ń rí.

Ó yẹ kí a ya àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kí a tó tẹ̀ síwájú. Àbíkú ni ọmọ tí ń kú tí ó sì ń padà wá sọ́dọ̀ ìyá kan náà. Ẹ̀mẹ̀rẹ̀ ni ọmọ tí a gbà pé ó ní ẹgbẹ́ lọ́run, tí ó ń bá wọn pàdé nígbà tí ó bá wù wọ́n. Akúdàáyà ni ẹni tí ó ti kú ní ìlú kan tí a sì tún rí ní ìlú mìíràn, tí ó ń jẹ, tí ó ń mu, tí ó sì ń ṣòwò. Àwọn òkú tí ó wà nínú fíìmù tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò kò bá ọ̀kankan nínú wọn mu tán: òkú tí kò tíì sinmi ni wọ́n. A kò sọ pé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni pé ojú ọmọdé ni a gbà fi rí wọn.

Orúkọ àbíkú: ẹ̀bẹ̀, ìlérí àti èébú

Bí a bá fẹ́ mọ bí àwùjọ Yorùbá ṣe ń bá ọmọ tí ń lọ tí ń bọ̀ sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Àwọn orúkọ kan ń bẹ̀bẹ̀: Málọmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmí, Rótìmí. Àwọn kan ń ṣe ìlérí: Dúróoríìkẹ́, Jókòótọ́lá. Àwọn mìíràn ń halẹ̀ tàbí ń tàbùkù: Kòsọ́kọ́, Igbẹ́kọ̀yí, Ajá. Ti Kásìmáawòó ni ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ṣe méjì. Nínú gbogbo èyí tí a kà sílẹ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, ìlérí wà níbẹ̀, èébú náà kò gbẹ́yìn. Ìbéèrè nìkan ni kò sí. Àgbà ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́ èsì.

Ẹnìkan lè sọ pé òbí ń béèrè, nítorí pé ó ń gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ babaláwo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ifá ni a ń bi níbẹ̀. Ohun tí ó sì máa ń tẹ̀ lé e, ìbáà ṣe gbẹ́rẹ́, ìbáà ṣe ṣaworo tí a so mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, ọ̀nà àtidí ojú ọ̀nà ọ̀run ni. A kò sọ èyí láti fi àwọn òbí àtijọ́ ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó ti sin ọmọ mẹ́ta kì í wá ìtàn lẹ́nu ẹ̀kẹrin. Kí ẹ̀kẹrin ṣáà dúró ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí ikú mú wọn lọ. Lóde òní, a mọ̀ pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí ọmọ ń jogún lára òbí méjèèjì, wà lára ohun tí ń pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìlànà tí orúkọ wọ̀nyí fi lélẹ̀ ṣe pàtàkì fún lámèyítọ́: ọmọ tí ń ríran jẹ́ ẹni tí a ń bẹ̀ tàbí tí a ń bú. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ṣe pẹ̀lú ìlànà yìí.

Bùkọ́lá: ìbéèrè ọmọdé sí ọmọdé

Nínú Aké, ìwé tí Ṣóyínká fi ròyìn ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Bùkọ́lá jẹ́ ọmọ ọ̀gá ilé-ìtàwé. Àbíkú ni. Oògùn àti ẹ̀gbà wà lára rẹ̀, ṣaworo sì ń dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń rìn. Àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ bá a wí títí, nítorí pé bí wọ́n bá kọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ní, ó lè dákú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó mọ agbára yìí, ó sì ń lò ó. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fẹ́ sàárà, sàárà gbọ́dọ̀ wáyé. Ojú tí àgbà fi ń wo ọmọ tí ó burẹ́wà ní ìwà ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé yóò fi kọ́kọ́ wò ó.

Ṣùgbọ́n Wọlé, ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe ohun tí a kò rí i kí àgbà kankan ṣe níbẹ̀: ó bi í léèrè. Ó bi í bóyá ó ń rí nǹkan nígbà tí ó bá yí ojú rẹ̀ padà tí ẹyinjú rẹ̀ di funfun. Ó bi í bóyá ó ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, àti ohun tí wọ́n ń sọ. Ó tilẹ̀ dábàá pé kí ó pè wọ́n wá kí gbogbo wọn jọ ṣeré nínú ọgbà àwọn. Ìdáhùn Bùkọ́lá yẹ fún àkíyèsí. Òkùnkùn nìkan ni ó ń rí. Kò rántí ohunkóhun nípa ibi tí ó ń lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì fẹ́ ju pé kí ó wá bá àwọn ṣeré lọ. Àṣírí tí gbogbo ilé ń tìtorí rẹ̀ gbọ̀n jìnnìjìnnì kò ju ìpè àwọn ọmọdé sí eré.

Lójú tiwa, ibí yìí ni ọgbọ́n Ṣóyínká wà. Kò sọ pé irọ́ ni, kò sì sọ pé òótọ́ ni. Ó kàn fi hàn pé ìbéèrè kan péré ti tó láti sọ ẹni ẹ̀rù di ọmọdé. Kò sì jẹ́ kí ìbéèrè náà dópin lórí ọ̀run: Wọlé tún fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí agbára àwọn òbí Bùkọ́lá kò bá gbé ohun tí ó ń fẹ́. Ìrora òbí, tí ọmọ náà kò kà sí, wọ inú ọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ẹnu ọmọdé mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni ẹni tí ó béèrè, kò sì ní ọlá tí ó lè fi yí nǹkan padà. Nítorí náà, ìríran Bùkọ́lá kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ju kí sàárà dé ẹnu àwọn tí yóò jẹ ẹ́.

Azaro: ọmọ tí òǹkàwé nìkan ń gbọ́

The Famished Road gba ẹ̀bùn Booker ní ọdún 1991. Azaro, ọmọ tí ń sọ ìtàn náà, jẹ́ àbíkú tí ó pinnu láti dúró. Orúkọ rẹ̀ jáde láti ara Lásárù, ẹni tí Bíbélì sọ pé ó jíǹde. Ọ̀kan lára ìdí tí ó fi dúró ni pé ó fẹ́ mú inú obìnrin tí yóò jẹ́ ìyá rẹ̀ dùn. Bàbá rẹ̀ ń ru ẹrù, ìyá rẹ̀ ń kiri ọjà, òtòṣì ni wọ́n, ìlú sì wà ní bèbè òmìnira. Azaro kì í gbé ibì kan. Ó ń sọnù nínú igbó, ó ń sọnù lójú títì, bàbá rẹ̀ sì ń nà án nítorí rẹ̀. Ní ilé ọtí Madame Koto, ó ń rí àwọn ẹ̀mí tí ó yá ẹ̀yà ara ènìyàn wọ̀ kí wọ́n lè wá tọ́ ayé wò. Nígbà tí bàbá rẹ̀, tí ń kan ẹ̀ṣẹ́, bá akànṣẹ́ kan jà lóru, akànṣẹ́ tí ó ti kú ni ọ̀tá náà, Azaro sì wà níbẹ̀ tí ó ń wò ó.

Bí a bá wo ohun tí Azaro mọ̀, a óò rí i pé òye rẹ̀ ju ti gbogbo ilé lọ. Síbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí àgbà tó jókòó tì í láti bi í pé kí ni ó rí. Ìrìn rẹ̀ ni wọ́n ń rí. Nígbà kan tí bàbá nà án tí ó sì kọ oúnjẹ, ẹ̀mí olórí mẹ́ta kan wá láti mú un padà sí ibi tí ó ti wá. Ètò ìtàn yìí kò ṣe èèṣì: ẹgba ni ó ṣáájú, àìjẹun tẹ̀ lé e, ọ̀nà ọ̀run sì ṣí sílẹ̀. Okri ń fi hàn pé ìyà àìgbọ́ra-ẹni-yé lè ti ọmọ sí ọwọ́ ohun tí a ń sá fún gan-an.

Àwọn òǹkàwé kan a máa ráhùn pé ìran inú ìwé náà pọ̀ jù, pé ọ̀kan kò tíì tán kí òmíràn tó dé. A gbà pé ìwé náà ń rẹni níbò mìíràn. Ṣùgbọ́n a lè wò ó báyìí: ìran tí kò rí ẹni tí a óò sọ ọ́ fún, ńṣe ni yóò máa gorí ara wọn. Àwa tí ń kàwé nìkan ni Azaro ń ròyìn fún, a kò sì lè dá a lóhùn. Ìdí nìyí tí ìríran rẹ̀, bí ó ti gbòòrò tó, kò fi tó láti gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ́ òkú.

Cole: ìbéèrè tí ó di ìrànlọ́wọ́

Láti inú ìwé méjì tí ó jáde láti ilẹ̀ wa, a bọ́ sí fíìmù Amẹ́ríkà kan, nítorí pé inú rẹ̀ ni a ti rí ohun tí ó ṣàìsí nínú méjèèjì: àgbà tí ó béèrè. Cole jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní ìlú Philadelphia, ó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nìkan. Ó ń rí àwọn òkú tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ti kú. Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó jí ère kékeré kan ní ilé ìjọsìn lọ sínú àgọ́ tí ó fi aṣọ pa nílé. Ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn tí ó jẹ́ ti ìyá-ìyá rẹ̀ ń ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun ni, ó ní kì í ṣe òun, ìyá sì bínú. Bí fíìmù ti ń lọ ni a wá mọ̀ pé òkú ìyá àgbà náà ni ó ń gbé e. Ọmọ tí a pè ní òpùrọ́ ń sọ òótọ́. Kò kàn rí ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ ni.

Malcolm Crowe, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà àwọn ọmọdé, ni ó jókòó tì í. Kò yá a lára láti gbà á gbọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé àìsàn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ti gbọ́ ọ tán, ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè: kí ni àwọn òkú náà ń fẹ́? Láti ìgbà náà ni Cole ti dẹ́kun sísá. Nígbà tí ọmọbìnrin kan tí ó ti kú yọ sí i, Cole fi ìbẹ̀rù-bojo béèrè bóyá ó ní ohun kan láti sọ. Ó lọ sí ilé òkú, ó gba àpótí kan, ó fi lé bàbá ọmọ náà lọ́wọ́. Fídíò tí ó wà nínú rẹ̀ fi hàn pé ìyá inú ilé náà ni ó ń fi májèlé sínú oúnjẹ ọmọ. Òkú sinmi, àbúrò rẹ̀ tí ó kù láyé sì bọ́. Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí ìbéèrè gbà: Malcolm béèrè lọ́wọ́ Cole, Cole béèrè lọ́wọ́ òkú. Ìrànlọ́wọ́ kò wá láti inú ojú tí ń ríran. Inú etí tí ń gbọ́ ni ó ti wá.

Síbẹ̀, ohun ìbànújẹ́ kan wà níbẹ̀. Ní ìparí, a mọ̀ pé Malcolm fúnra rẹ̀ ti kú. Àgbà kan ṣoṣo tí ó ní sùúrù láti béèrè kò sí láàárín alààyè. Ìyá Cole gbọ́ òtítọ́ nígbẹ̀yìn nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ni ó gbẹ́nu lé e.

A ní ẹ̀sùn kan sí fíìmù yìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ òkú di ìṣirò: òkú kan, àìní kan, ìdáhùn kan. Ó sì di gbogbo ẹrù náà lé ọmọ kan ṣoṣo lórí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ òkú jẹ́ ti ìdílé. Ìsìnkú, ètùtù àti egúngún wà kí ó má bàa di ti ẹnìkan. Ohun tí àṣà wa pín fún agbo ilé ni fíìmù náà gbé ka ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ìbéèrè kò dọ́gba

Ẹnìkan lè takò wá pé wọ́n ń bi irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè, àní pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. A gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a rántí Ezinma nínú Things Fall Apart (1958), ìwé Chinua Achebe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gbáńje ilẹ̀ Ìgbò ni tirẹ̀. Nígbà tí a ń wá ibi tí ó bo ohun ìmùlẹ̀ rẹ̀ mọ́, Okonkwo, bàbá rẹ̀, ń halẹ̀ mọ́ ọn. Okagbue, oníṣègùn, ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun, ó sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè. Ezinma kó gbogbo èrò sẹ́yìn, ó rìn wọ́n jìnnà, ó sì kó wọn padà sí agbo ilé wọn. Ìjọ̀gbọ̀n kọ́ nìyí? Ṣùgbọ́n Okagbue tẹ̀ lé e láìbínú, ọmọ náà sì fi ibẹ̀ hàn. Ìbéèrè tí pàṣán ń tì lẹ́yìn ń wá ìjẹ́wọ́. Ìbéèrè tí sùúrù ń tì lẹ́yìn ń wá òye.

Olùkọ́ àti ọmọ inú kíláàsì

Ẹ̀kọ́ tí ó kan àwa olùkọ́ jù wà nínú ìran ilé-ìwé inú fíìmù náà. Cole sọ nínú kíláàsì pé wọ́n ti so ènìyàn kọ́ rí nínú ilé tí ó di ilé-ìwé wọn. Olùkọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà kò jáwọ́, tí ó sì ń fi orúkọ akólòlò tí wọ́n fi ń bú olùkọ́ náà nígbà èwe rẹ̀ pariwo, olùkọ́ gbá tábìlì, ó sì fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Tẹ́lẹ̀ rí, Cole ti ya àwòrán oníwà ipá kan, wọ́n sì pe ìpàdé lé e lórí. Láti ìgbà náà, ẹni tí ń rẹ́rìn-ín àti òṣùmàrè ni ó ń yà, nítorí ó ti mọ̀ pé wọn kì í pe ìpàdé lórí òṣùmàrè. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ọmọ tí kò yọ olùkọ́ lẹ́nu mọ́ lè jẹ́ ọmọ tí ó ti mọ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́.

Èyí kò mọ sí inú fíìmù. Ní orílẹ̀-èdè wa, wọ́n ti na àwọn ọmọdé, wọ́n ti lé wọn kúrò nílé, nítorí pé ẹnìkan pè wọ́n ní àjẹ́ tàbí ẹ̀mẹ̀rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kọ ìfìyàjẹ ọmọ. Ní ọdún 2008, ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ṣe òfin tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọ ní àjẹ́. Olùkọ́ tí ó fi ìtàn Bùkọ́lá tàbí ti Azaro kọ́ni gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí kíláàsì má bàa yíjú sí ọmọ kan tí ó dákẹ́ ní ìgun yàrá, kí wọ́n sì fún un ní orúkọ. Iṣẹ́ ọnà kì í ṣe ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́.

Bí ọmọ bá sì sọ fún olùkọ́ pé òun ń rí nǹkan, ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ wárápá, ó lè jẹ́ ọ̀fọ̀ ẹni tí ó kú nílé wọn, ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ń pa á lára, bí ti ọmọbìnrin inú fíìmù. Olùkọ́ kò lè mọ èyí tí í ṣe bí kò bá béèrè. Kí ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n tí kò fara sin. Kí ó má mú ẹgba dání. Kí ó má dájọ́ pé òótọ́ ni tàbí irọ́ ni. Kí ó jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ tán kí òun tó sọ. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá fi tó àwọn tí ó lè ṣètọ́jú rẹ̀ létí, kí ó sì kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe ẹni tí ọmọ ń bẹ̀rù ni òun fẹ́ lọ sọ ọ́ fún.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé ohun tí ọmọ rí nìkan kọ́ ni ó ń pinnu ibi tí ìtàn yóò já sí. Ẹni tí ó bi í léèrè ni. Ọmọdé ni ó bi Bùkọ́lá, ẹ̀rù ilé sì fúyẹ́ díẹ̀. Òǹkàwé nìkan ni ó gbọ́ Azaro, ìran sì ń gorí ìran. Òkú ni ó bi Cole, alààyè kan sì bọ́ lọ́wọ́ ikú. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òbí tàbí olùkọ́ ti kọ́kọ́ béèrè. Àyè tí ó ṣófo nínú àwọn iṣẹ́ ọnà wọ̀nyí nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó ṣófo nínú kíláàsì tiwa. Àwọn bàbá wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí àgbà kò bá béèrè, báwo ni yóò ṣe mọ ọgbọ́n tí ọmọdé mú wá?